Détẹ́ktọ̀ Wo Ló Dára Jù? Ẹ Bá Mi Bi Wọ́n

Mo ti bi bàbá òyìnbó tó máa ń fi détẹ́ktọ̀ tirẹ̀ gbá iyanrìn kiri létí òkun ní Margate. Mo ti bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á. Mo ti bi Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń wa bọ́ọ̀sì ní Kent níbí, òun gan-an ló kó mi wọ ọ̀ràn yìí. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: nínú gbogbo détẹ́ktọ̀ tó wà lọ́jà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin inú ilẹ̀, èwo ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ wá owó àtijọ́ àti ẹrù àwọn ará ìgbà láéláé nínú oko? Ìdáhùn wọn ò le rárá. Èyí tí kálukú wọn rà ló dára jù. Ẹni tó ra Deus II, tí ilé-iṣẹ́ XP ń ṣe ní Faransé, ní kò sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ra Legend, tí Nokta ń ṣe ní Tọ́kì, ní àwọn tó kù kàn ń jó owó wọn níná ni. Ẹni tó ra Manticore, ti Minelab ará Ọsirélíà, kò tilẹ̀ bá wa jiyàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi hẹ́dífóònù rẹ̀ padà sétí. Bàbá àgbà kan ṣì wà tó ń lo Garrett, ti Texas ní Amẹ́ríkà, tó ti rà kí wọ́n tó bí àwọn ìbejì mi. Ó ní tòun ò bàjẹ́ rí, kí lòun fẹ́ fi òmíràn ṣe?

Ẹ wá bi ẹnikẹ́ni nínú wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oko wo lẹ ti rí owó fàdákà tí ẹ fi ń yangàn yìí?" Ẹnu á pa mọ́ wàìwàì. Ohun gbogbo tó bá ti jẹ mọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n á sọ láìjẹ́ pé ẹ bi wọ́n, títí kan iye wákàtí tí bátìrì ń gbà kó tó kú. Ti oko, wọ́n á ní, "Ọ̀hún yẹn ni." Wọ́n á sì nawọ́ sí apá ibi tí òkun wà.

Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ dá mi lágara. Bí kọ́ìlì, àwo roboto tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ, bá gba orí irin kọjá, ẹ̀rọ á ké, nọ́ńbà á sì yọ lójú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló yẹ kó sọ fún èèyàn bóyá ìṣó ni àbí owó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Equinox 800 ti Minelab, tó jáde lọ́dún 2018, láti -9 dé 40 ló ń kà. Ilé-iṣẹ́ kan náà wá ṣe Equinox 900, ìyẹn ń ka -19 dé 99. Ti Legend ò kọjá 60. Ti Deus, 99 ni òpin ẹ̀. Owó kan ṣoṣo, nínú ihò kan ṣoṣo, olúkúlùkù ń pè é lórúkọ tó wù ú. Gàrí ni ìyá mi tà títí tó fi dàgbà. Ká ní gbogbo ẹni tó wà nídìí àtẹ gàrí ló gbé kóńgò tirẹ̀ wá, tí kò sí kóńgò tó bá èkejì mu, ọjà yẹn ì bá ti dìjà kí oòrùn tó mú. Àwọn wọ̀nyí ń ṣe é, wọ́n sì ń pè é ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n á pè mí láti ìkángun oko kejì: "Àbúrò, mo gbọ́ 26, ó mọ́ tónítóní!" Tèmi ń sọ 80. Ṣé kí n bá wọn yọ̀ ni àbí kí n bá wọn kẹ́dùn?

Kí ẹ má baà rò pé ẹnu lásán ni mo fi ń jà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wáyà tó wà nínú kọ́ìlì ń rán agbára mágínẹ́ẹ̀tì wọ inú ilẹ̀. Bí agbára náà bá bá nǹkan irin tàbí idẹ tàbí fàdákà pàdé, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lára nǹkan ọ̀hún, òun náà á wá rán agbára tirẹ̀ padà, wáyà kejì nínú kọ́ìlì á sì gbọ́ ọ. Ìdáhùn yẹn máa ń fa ẹsẹ̀ díẹ̀ kó tó dé. Bó ṣe fa ẹsẹ̀ tó ni ẹ̀rọ ń wò kó tó sọ nọ́ńbà. Fàdákà tó nípọn, tí iná ń gba ara rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, nọ́ńbà rẹ̀ ga. Ìṣó wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àárín ni ìkà ń gbé. Òrùka wúrà wà láàárín. Fọ́ìlì tí wọ́n fi wé ṣokoléètì wà láàárín. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣí agolo bíà náà, àárín yẹn ló fi ṣelé, ó sì pọ̀ ju òrùka lọ níbẹ̀ lọ́nà tí ẹnu ò lè sọ. Èèyàn lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó dití sí gbogbo ohun tó bá ti ka nọ́ńbà agolo. Yóò gbọ́ràn, yóò sì dití sí wúrà mọ́ ọn. Olówó gọbọi ni o, pọ́ọ́kú ni o, kò sí èyí tó lè fi nọ́ńbà nìkan ya òrùka oníyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ìdérí agolo. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wúrà ní láti gbẹ́ gbogbo agolo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn yìí mà mu bíà o!

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ láyà, ó sì bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Sà, kílòhẹ́ẹ̀tì mélòó lẹ fẹ́?" Mo ní owó àtijọ́ ni mo fẹ́. Ó ní ìyẹn náà ni òun ń sọ. Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé títí tíì mi fi tutù. Iye ìgbà tí agbára inú kọ́ìlì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni kílòhẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni ọ̀kan. Bí ó bá kéré, 4 tàbí 5, ó dára fún owó fàdákà ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá pọ̀, tó dé 40, ó dára fún ohun tín-ín-rín. Garrett ACE 300i, 8 ni tirẹ̀. Simplex tí Nokta kọ́kọ́ ṣe, 12. AT Pro ti Garrett, 15. Ó wá kù sí ọwọ́ mi kí n mọ owó tó wà nínú ilẹ̀ tí n kò tíì gbẹ́, kí n tó mọ èyí tí n óò rà.

Ọ̀ràn ọ̀hún kò sì ṣeé gbójú fò. Owó fàdákà tí wọ́n ń fi òòlù lù jáde láyé ọba Edward Kìíní, pẹ́nì kan, kò wúwo tó gíráàmù méjì, ó sì fẹ́lẹ́. Kí Edward yẹn tó ṣe owó kéékèèké jáde ní nǹkan bí 1280, bí èèyàn bá ra nǹkan tí kò tó pẹ́nì, wọ́n á fi irin gé pẹ́nì náà sí méjì, tàbí sí mẹ́rin, wọ́n á fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ ṣe ṣéńjì. Ìdá mẹ́rin pẹ́nì yẹn jábọ́ lápò ẹnì kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ó rin amọ̀ títí, àgbẹ̀ ti fi katakata yí i lọ yí i bọ̀, èmi awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n wá ní kí n fi ohùn fííín kan mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìdí ọta ìbọn.

Ẹ̀rọ tí ń lo kílòhẹ́ẹ̀tì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ní òun yanjú èyí. Equinox ló sọ ọ́ di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, Deus II tẹ̀ lé e, Legend tẹ̀ lé e, Manticore náà dé. Nísinsìnyí tó ti jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń ṣe é, kí ni mo tún fẹ́ fi yà wọ́n? Mo fẹ́ sọ òtítọ́ kan nípa rẹ̀ kí ẹ má ní mo kàn ń bínú: létí òkun, lórí iyanrìn tó rin omi iyọ̀, tàwọn yẹn yàtọ̀ gidi. Omi iyọ̀ ń gbé iná, ẹ̀rọ tó ń lo kílòhẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo á máa ké kíkankíkan láìrí nǹkankan, ojú á ti ẹni tó gbé e. Ẹ̀rọ tó ń lo púpọ̀ máa ń dákẹ́ jẹ́jẹ́ lórí iyanrìn kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ràn etí òkun, kó sanwó, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ní dúró síbẹ̀. Wọ́n á tún ní Equinox 800 lè wọ omi dé mítà 3, pé Deus II lè dé mítà 20. Mítà ogún! Èmi tí n kò mọ̀wẹ̀, kí ni mo fẹ́ lọ wá lọ́hùn-ún, bí kì í ṣe pé àwọn ni wọ́n máa fi détẹ́ktọ̀ mìíràn wá mi?

Ẹ̀gbọ́n pè wá sílé lọ́jọ́ Sunday kan pé ká wá fòpin sí àríyànjiyàn. Wọ́n to ẹ̀rọ mẹ́ta sórí tábìlì ìjẹun, wọ́n ní ká máa mú ṣílè àtijọ́ kan kọjá níwájú kọ́ìlì, ká máa fi rúlà wọn bó ṣe ń jìnnà sí i kí ẹ̀rọ tó dákẹ́. A ò tíì mú ṣílè dé ibẹ̀ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń pariwo. Fóònù ọmọ wà lórí àga. Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ìṣó wà nínú tábìlì fúnra rẹ̀. Ìyàwó wọn gbé ọbẹ̀ kọjá, ẹ̀gbà ọwọ́ wọn dún ju ṣílè lọ. "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin oníwúrà," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún gba ibẹ̀ padà kí wọ́n lè rí wa bú. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n ló gbọ́ jìnnà jù. Ilé Ẹ̀gbọ́n la wà, rúlà Ẹ̀gbọ́n la fi wọ̀n ọ́n, ẹ̀bà Ẹ̀gbọ́n la sì ń retí. Ta ló fẹ́ takò ó?

Inú afẹ́fẹ́ la ti wọ̀n ọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ẹni tó da owó sọ́nà inú afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ ní omi nínú, ó ní èròjà irin nínú, ó ní èérún bíríkì nínú, gbogbo ìyẹn sì ń dá ẹ̀rọ lóhùn. Ibi yòówù kí ẹ̀rọ ti gbọ́ ṣílè dé lórí tábìlì, nínú amọ̀ Kent, bó bá gbọ́ ọ ní ìdajì rẹ̀, ẹ dúpẹ́.

Kí ohun tó yí ẹ̀rọ ká máa dà á láàmú, kì í ṣe òní ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní July 1881, wọ́n yìnbọn lu James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọta há sí i lára, àwọn dókítà wá a títí, wọn ò rí i. Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ tẹlifóònù, sáré kan ẹ̀rọ kan tí yóò máa dún bó bá súnmọ́ ọta. Ó dán an wò lára àwọn ológun àtijọ́ tí ọta ṣì wà lára wọn, ó ṣiṣẹ́. Ó gbé e dé White House, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ara Ààrẹ. Àṣé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, sípírìngì irin ló kún inú rẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé dókítà àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ ti pinnu pé apá ọ̀tún ni ọta wà, nítorí náà apá ọ̀tún nìkan ló jẹ́ kí Bell wá. Garfield kú ní September. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, apá òsì ni wọ́n ti bá ọta. Ẹ̀rọ Bell ò jẹ̀bi kankan. Ibi tí wọ́n ní kó máa wá ni kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì ni ká ní ó gbé ẹ̀rọ mìíràn wá, ọ̀tún yẹn náà ni wọn ì bá tún nà án sí.

Ti ìwúwo ẹ̀rọ ńkọ́? Àwọn tí wọ́n ń ráhùn pé Equinox 800 wúwo, torí pé ó lé ní kílò kan, ti Deus II kò sì tó kílò kan, wọ́n máa ń bí mi nínú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Józef Kosacki, ológun Póláńdì tó wà ní Scotland, ṣe èyí tí wọ́n fi wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ ní El Alamein lọ́dún 1942. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 14. Ẹni tó gbé e, bó bá ṣi ìró kan gbọ́, ilé ò ní rí i mọ́. Kosacki kò gba owó ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀, ó kàn fi ta àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ ni. Àwọn tó ń ta tòde òní kò jọ bàbá yẹn rárá.

Ẹ jẹ́ ká dé oko. Lẹ́yìn ìkórè àlìkámà ni, ilẹ̀ gbẹ, pòròpórò gígé ń gún mi lórúnkún. Ẹ̀rọ mi ké. Ohùn rẹ̀ tutù, nọ́ńbà ga, kò mì síhìn-ín, kò mì sọ́hùn-ún. Mo yí apá kejì, mo tún gbá a kọjá, nọ́ńbà kan náà. Mo fi ṣọ́bìrì bẹ́ ilẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n ọrùn ọwọ́, ẹ̀rọ ní ó ṣì kù. Amọ̀ ibẹ̀, bó bá ti lẹ̀ mọ́ irin ṣọ́bìrì, ó dìgbà tí èèyàn bá fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ihò gba ìgbọ̀nwọ́ mi. Bàbá kan tó ń fa ajá kọjá dúró létí ọgbà, ó bi mí bóyá mo ti rí wúrà. Ajá náà dúró, òun náà ń wò mí. Ìgbà tí nǹkan ọ̀hún yọjú, mo rọra fi ìka gbá erùpẹ̀ kúrò lójú rẹ̀: bàtà irin ẹṣin ni, ó dípẹtà, ó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ìṣó méjì ṣì wà lára rẹ̀. Irin ni, irin ló sì yẹ kó wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n bí irin bá tóbi, tó tún tẹ̀ tàbí tó ní ihò láàárín, iná á máa yí po lára rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ á ní fàdákà ni. Wọ́n á ní ẹ̀rọ tó wọ́n ju tèmi lọ kò ní gbà á gbọ́. Mo ti rí ẹni tó gbé èyí tó lé ní 1,000 pọ́n-ùn, bàtà ẹṣin ló ń tò sétí mọ́tò rẹ̀ náà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàtà ẹṣin jà pàápàá, ẹ gbọ́dọ̀ ti rí oko. Ní England, kò sí ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Ẹni tí kò bá gba àṣẹ lẹ́nu onílẹ̀, olè ni. Ibi tí ìjọba bá ti kọ sínú ìwé pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà, òfin 1979 ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé détẹ́ktọ̀ dé ibẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn àgbẹ̀ títí ìwé fi tán. Ọ̀pọ̀ wọn ò fèsì. Ọ̀kan ní òun ti fún ẹnì kan. Òmíràn ní kí n má bínú, ajá òun kì í fẹ́ràn àlejò. Èyí tó wá gbà fún mi ní lẹ́yìn ìkórè nìkan ni mo lè wá, kó tó tún fúnrúgbìn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún. Ẹ̀rọ á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà yẹn títí di ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń di ògbólógbòó, nítorí kí oko tó ṣí, wọ́n á ti gbé tuntun jáde. Ìdajì oko náà, wọ́n ti da ajílẹ̀ tí wọ́n fi ìdọ̀tí ìlú ṣe sí i. Gbogbo agolo tí wọ́n lọ̀ mọ́ ajílẹ̀ yẹn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló wà nínú ilẹ̀, nọ́ńbà àárín sì ni gbogbo wọn ń ké.

Bí nǹkan bá tún wá bọ́ sí yín lọ́wọ́, òfin mìíràn ń dúró. Òfin ìṣúra ọdún 1996 ní bí ohun èlò wúrà tàbí fàdákà bá ti lé ní 300 ọdún, tàbí tí owó wúrà tàbí fàdákà tó tó ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbì kan náà, kí ẹ fi tó coroner létí láàárín ọjọ́ 14. Coroner kan náà tó ń wádìí ikú òjijì ni o. Ọjọ́ tí mo sọ fún ìyàwó mi pé bí mo bá rí wúrà, ọ̀dọ̀ coroner ni màá kọ́kọ́ lọ, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ta lẹ fẹ́ pa?" Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Ta ló wá ni wúrà náà?" Mo ní bí ilé tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé sí bá fẹ́ ẹ, wọ́n á san owó rẹ̀, èmi àti àgbẹ̀ á sì sábà pín in lógbọọgba. Ó gbé ṣíbí rẹ̀, ó ní, "Kí ni àgbẹ̀ gbẹ́?" Mo ní ilẹ̀ rẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ro ọkà nìyẹn, mo mọ̀ pé èmi ló ń rò.

Èyí tí kò tó ìṣúra, bí owó kan ṣoṣo, òfin ò fi dandan lé e, àmọ́ ètò kan wà láti 1997 tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kọ ohun tí aráàlú bá rí sílẹ̀. Ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni wọ́n ti kọ. Mo mú bọ́tìnnì àtijọ́ kan lọ, wọ́n gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n bi mí ní ibi tí mo ti rí i, wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an, igun wo nínú oko wo. Wọn ò bi mí ní kílòhẹ́ẹ̀tì kankan.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò jẹ́ kí n sùn. Ní November 1992, ní abúlé Hoxne ní Suffolk, òòlù àgbẹ̀ kan sọnù sínú oko. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Eric Lawes, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, pé kó gbé détẹ́ktọ̀ rẹ̀ wá bá òun wá a. Lawes ń wá òòlù. Ó bá ìṣúra àwọn ará Róòmù pàdé: owó tó tó bíi 15,000, ṣíbí fàdákà, ẹ̀gbà wúrà. Ó dá gbígbẹ́ dúró, ó pe àwọn awalẹ̀-pìtàn kí wọ́n wá fọwọ́ ara wọn hú u, ìyẹn sì ni ìdí tí wọ́n fi rí gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó sínú àpótí. Owó tí wọ́n san lé e lórí jẹ́ 1.75 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Wọ́n rí òòlù náà o. Òun pàápàá wà ní British Museum lónìí. Òòlù àgbẹ̀! Èmi tó wá fàdákà, bàtà ẹṣin mi wà lẹ́yìn ilé, ìyàwó mi ní kí n kó wọn kúrò.

Bí ìyẹn bá ṣeé fara dà, ti Terry Herbert ńkọ́? Ní July 2009, nínú oko kan ní Staffordshire, ó bá ìṣúra wúrà àwọn Anglo-Saxon, kò sì tíì sí èyí tó tó o rí. Iye tí wọ́n dá lé e, 3.285 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, òun àti onílẹ̀ pín in. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé e pé détẹ́ktọ̀ tó lò ti tó ọdún 14, pé ọjà àlòkù ló ti rà á, ní pọ́n-ùn méjì àti ààbọ̀. Pọ́n-ùn méjì àti ààbọ̀! Kò tó owó wíwọ bọ́ọ̀sì mi báyìí. Kò sí ẹni tó bá a wọn ṣílè lórí tábìlì. Ẹ wá mú mi wo ojú ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kó tún bi mí pé kílòhẹ́ẹ̀tì mélòó.

Àbúrò mi ní Iléṣà náà ti gbọ́. Ó pè mí: "Bọ̀dá mi, ẹ gbé e bọ̀. Ẹ ò mọ̀ pé wúrà wà lágbègbè wa níbí ni?" Mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé ilẹ̀ pupa wa, irin tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi tí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú á fi máa ké láti ìgbà tí wọ́n bá tàn án. Èyí tí wọ́n ń gbé lọ ibi wúrà nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, oríṣi mìíràn ni, ó ń fi agbára lu ilẹ̀ ní ìdákúrekú, ó sì wọ́n ju mọ́tò mi lọ, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í dá irin mọ̀ yàtọ̀ sí wúrà dáadáa. Gbogbo ìṣó Iléṣà la máa kọ́kọ́ hú tán. Ìjọba àpapọ̀ ló tún ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ lọ máa gbẹ́ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ. Àbúrò mi ní kí n gbàgbé òfin, ṣé ẹ̀rọ náà lè wá owó àwọn baba wa? Mo ní owó ẹyọ ni àwọn baba wa ná, ìkarawun inú òkun ni, kò sí détẹ́ktọ̀ tó máa dá a lóhùn láé. Tọ́rọ́, sísì àti kọ́bọ̀ oníhò ló máa ké, bí ẹnì kan bá rántí ibi tí ìyá àgbà rì wọ́n mọ́. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n rí ní Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ gbé e bọ̀ ṣá."

Ẹ̀gbọ́n pè mí lánàá. Tuntun míì ti fẹ́ jáde, wọ́n fẹ́ ta tiwọn, wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń fi lọ̀ mí ni pé mo jẹ́ ọmọ ìyá wọn. Mo ní n kò rà á. Wọ́n ní ó burú, àbúrò, ìyẹn ò ní jẹ́ kí n rí nǹkan gidi. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ títí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àgbẹ̀ mi mú mi lọ sí oko rẹ̀ kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbé détẹ́ktọ̀ dé rí, ó ní pín-ìn katakata òun kan ti bọ́ síbẹ̀, kí n bá òun wá a. Bí mo bá rí i, oko náà di tèmi lẹ́yìn gbogbo ìkórè. Ẹ̀rọ mi àtijọ́ wá pín-ìn náà rí kí tíì tó tutù.

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹ̀rọ tí mo ń lò, kó wá bi mí. Màá sọ fún un, màá sọ nọ́ńbà, màá sọ kílòhẹ́ẹ̀tì, màá sọ bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ̀gbọ́n náà ti ń bi mí pé níbo ni oko ọ̀hún wà.

Mo ní ọ̀hún yẹn ni.